Ẹ̀rọ Orin Kékeré àti Ohùn Ìyá Ọkọ Mi

Bí ẹ ti ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ kékeré kan máa kọrin nítòsí yín, lórí fèrèsé ilé ìdáná tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Kì í ṣe rédíò lásán ni mo ń wí, kì í sì í ṣe fóònù. Àpótí kékeré tí í gba inú àpò ni, tí a ń ki káàdì mẹ́mórì tí kò tóbi ju èékánná lọ bọ̀ lẹ́nu, tí yóò sì máa kọ gbogbo orin tí ó wà lórí káàdì náà láìdúró de ilé iṣẹ́ rédíò kankan. Àwọn kan ń pè é ní MP3, àwọn mìíràn ń pè é ní rédíò oní-mẹ́mórì. Ní Tákíè, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí ẹ bá ṣáà ti ní ẹ̀rọ tí ń kọrin ni ẹ fẹ́ rà, wọn yóò mú un jáde fún yín láti abẹ́ gíláàsì.

Mo ra tèmi ní ọdún 2016, ìyá ọkọ mi ni mo sì rà á fún. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, wọ́n sì ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Obìnrin tí ó ti ń ná ọjà láti ìgbà èwe, tí ó wá di ẹni tí ń jókòó sí ojú kan láti àárọ̀ di alẹ́, ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé a máa wúwo lọ́kàn rẹ̀. Fóònù kò bá wọn lára mu. Wọ́n ní ojú fóònù ń yọ̀, ìka àwọn kò rí ohun tí yóò dì mú. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ìgbà tí àwo orin ṣì ń yí lórí giramafóònù, àti ìwàásù ní ọjọ́ tí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n lè dé ilé ìjọsìn. Mo mú ọ̀dà èékánná pupa, mo kán ẹyọ kan sórí bọ́tìnnì tí ń mú un kọrin, mo kán méjì sórí èyí tí ń dá a dúró. Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ, ó yọ gọngọ, ìka wọn sì ń rí i bí ojú wọn kò tilẹ̀ rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ dán èyí wò. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fetí sílẹ̀ sí ohun tí àwọn tí ó ní ẹ̀rọ yìí ń wí nípa rẹ̀. Àṣà olùkọ́ ni. Ohun tí mo bá rà, mo fẹ́ mọ bí ó ti rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá kan tí ń ta àńkárá ní Tákíè sọ fún mi pé ọkọ kejì ni òun ń pe tòun, nítorí pé a máa bá òun sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjà bá tutù, kì í sì í béèrè oúnjẹ. Ó ní kì í jẹ dátà, ẹnikẹ́ni kì í pè é, bí òun bá sì ti fi iná sí i lóru, ó ń kọrin di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni ó fi kàn án: ẹnu tí a ń ki wáyà iná bọ̀ a máa tètè yẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun. Aránṣọ kan tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Ó ní òun ti ra mẹ́ta láàárín ọdún méjì, àti pé bí òun bá gbé ohùn rẹ̀ sókè kí ó lè borí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ, ńṣe ni ó ń han bí ìkòkò tí ó ti sán.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ṣì ń lo iPod tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní bí òun bá fi fóònù gbọ́ orin nígbà tí òun ń kàwé, fóònù náà kò ní jẹ́ kí òun kà á. Ọ̀rẹ́ yóò kọ̀wé, ẹlòmíràn yóò fi àwòrán ránṣẹ́, ilẹ̀ yóò sì ṣú. iPod kò mọ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń kọrin ni. Ṣùgbọ́n kò lè fi orin sí i láìlọ síwájú kọ̀ǹpútà, bátìrì rẹ̀ sì ti gbó débi pé kò lo wákàtí kan mọ́. Kò ṣeé yọ bí ti rédíò, inú ẹ̀rọ náà ni wọ́n dè é mọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan pẹ̀lú, ẹni tí ó ki wáyà bọ etí méjèèjì bí ó ti ń gbé mi lọ. Ó ní orin náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà jìn lójú òun. Mo ní kí ó dúró. Mo san owó rẹ̀ pé, mo sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ yìí ṣàdédé hù nínú ọjà. Ní ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ Sony ti Japan gbé Walkman jáde, èyí tí ń lo kásẹ́ẹ̀tì, òun ni ó sì kọ́ ayé bí a ti ń gbé orin rìn kiri létí. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ kan ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní ìlú Erlangen, ní Jámánì, wá ọ̀nà tí orin yóò fi kéré ní ìwọ̀n láìdín adùn rẹ̀ kù púpọ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n fún un ní orúkọ tí a ń pè é títí di òní, MP3. Bí ẹ bá ti sẹ́ ògì rí, iṣẹ́ náà kò ní ṣòro láti yé yín. Èérí ń bẹ nínú orin bí ó ti ń bẹ nínú ọkà lílọ̀: àwọn ìró tí ìró mìíràn ti bò mọ́lẹ̀, tí etí ọmọ ènìyàn kò ní gbọ́ bí wọ́n tilẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n sẹ́ wọn kúrò. Ohun tí ó kù lè máà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ Saehan ti Kòríà ta MPMan, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí a lè fi sínú àpò. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2001, Apple gbé iPod tirẹ̀ jáde, wọ́n sì ń polówó pé ó gba orin 1,000. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Apple kéde pé àwọn kò ní ṣe é mọ́, nítorí pé fóònù ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: èyí tí ó lórúkọ jù lọ ti lọ, àwọn ìbátan rẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ni ó kù tí wọ́n ń jí wa lówùúrọ̀.

Káàdì 4 GB tí ó kéré nínú àwọn káàdì tí wọ́n ń tà lè gba ohun tí ó ju wákàtí 60 lọ, bí ìṣẹ́jú kan orin kò bá ju MB kan lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kí ó tó tán, láìtún orin kan kọ. Àwọn ọmọkùnrin tí ń fi kọ̀ǹpútà da orin sórí káàdì yóò kún un fún yín kí ẹ tó ra ata tán. (Inú mi kì í dùn sí èyí pátápátá, nítorí pé nínú owó kékeré tí a ń san náà, kọ́bọ̀ kì í dé ọwọ́ olórin. Ṣùgbọ́n èmi náà ń san án, ẹ má sì jẹ́ kí n ṣe bí ẹni mímọ́.)

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti etí àwọn ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo pe ọmọ mi ọkùnrin láti ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn. Mo jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, inú ń bí mi, mo gbà pé ìwà àfojúdi ni. Mo bá a lórí àga tí ó ti ki wáyà bọ etí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wọlé. Mo yọ ọ̀kan kúrò, mo fi í sí etí ara mi. Díẹ̀ ni ó kù kí n ju orógùn sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún èyí. Ariwo tí a ń fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì wọ̀n, bí ó bá jẹ́ 80, àgbàlagbà lè gbọ́ ọ fún wákàtí 40 nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ti gòkè dé 90, wákàtí 4 péré ni etí lè gbà nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ti ọmọdé kò gbọdọ̀ kọjá 75 fún wákàtí 40. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ, láti ọmọ ọdún 12 sí 35, ni ó wà nínú ewu dídi adití nítorí irú ìgbọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀. Irun tín-tìn-tín tí ó wà nínú etí lọ́hùn-ún ni ariwo ń pa, kì í sì í hù padà. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìwọ̀n nílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbé ohùn rẹ̀ kọjá ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Bí ó bá sì ní etí òun ń hó lẹ́yìn tí ó yọ wáyà, ohùn náà ti pọ̀ jù.

Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tí ń gba iná lọ́wọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, bátìrì ni ó ń bàjẹ́. Ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ yọ ọ́ kúrò nítòsí ọmọ.

Ẹ̀rọ tí mo rà fún ìyá ọkọ mi ní bọ́tìnnì kan tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ a kò fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ ọdún 2018, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ọmọ mi obìnrin sì gbé orí lé ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà. Oríkì ilé ọkọ mi ni, èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́nu àwọn ìyálé nígbà tí àwọn pẹ̀lú jẹ́ ìyàwó tuntun. Mo ti ń gbọ́ díẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní àràárọ̀ bí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ tán rí. Mo rọra tẹ bọ́tìnnì náà, mo gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹ̀gúsí. Ìṣẹ́jú 23 ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá fetí sí i dáadáa, a máa ń gbọ́ bí èèpo ẹ̀gúsí ti ń ṣẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, àti ibi tí wọ́n ti dánu dúró láti lé adìẹ. Nígbà tí mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lálẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé bí ohùn mi ti gbó tó nìyí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Ìyá sùn, wọn kò jí.

Ẹ̀rọ náà wá di ti ilé ìdáná. Ní alẹ́, ọmọ mi obìnrin a tẹ bọ́tìnnì pupa, a sì gbọ́ ìyá àgbà rẹ̀ kí ó tó sùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, mo mú káàdì inú rẹ̀ lọ sí Tákíè kí wọ́n lè bá mi fi orin tuntun díẹ̀ kún un. Ọmọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó ní ó ti kún. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n nù ún?" Mo ti yíjú sí ọ̀dọ̀ alátà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, owó tàtàṣé ni ó wà lọ́kàn mi. Mo sì mọ̀ pé eruku èlùbọ́ wà lára káàdì náà, nítorí pé ìtòsí agolo èlùbọ́ ni ẹ̀rọ wa ń gbé. Mo dáhùn pé, "Nù ún dáadáa o, ọmọ mi."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́! Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún pé kí wọ́n yẹ inú àpò wò kí wọ́n tó ti aṣọ bọ omi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ọmọ tẹ bọ́tìnnì pupa, orin tí kò mọ̀ sì bú jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó béèrè ibi tí mo gbé ìyá àgbà sí. Mo wá gbogbo inú káàdì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, orin ni, orin ni. N kò lè sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo padà sí Tákíè. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó bi mí léèrè, mo sì dá a lóhùn. Ọ̀gá kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni ó là mí lóye. Ó ní ohun tí a bá nù kúrò lórí káàdì kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a pa orúkọ ayálégbé rẹ́ nínú ìwé onílé: ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá títí di ọjọ́ tí ayálégbé mìíràn yóò kó wọlé. Bí a bá dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, tí a yọ káàdì náà, tí a kò sì fi ohunkóhun mìíràn sí i, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ó lè ṣa ẹrù náà jọ. Ṣùgbọ́n èmi ti jẹ́ kí ayálégbé tuntun wọlé. Orin tí mo san owó fún ni ó jókòó sórí ohùn Ìyá. Ó gbìyànjú fún ọjọ́ méjì, orin ìyìn mélòó kan ni ó rí gbà padà.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ènìyàn bá ń yin ẹ̀rọ wọn létí mi, tàbí tí wọ́n ń bú u, mo máa ń ṣàkíyèsí pé bátìrì ni wọ́n ń wí, tàbí bí ó ti ń dún tó, tàbí iye tí wọ́n rà á. Gbogbo ìyẹn ni a tún lè rà ní Tákíè kí oòrùn tó kan àtàrí. Kò sí ẹni tí ó bi mí rí pé, kí ni ó wà nínú tìrẹ? Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, bí ẹ bá gba ohùn òbí tàbí ti ọmọ sílẹ̀, ẹ ra káàdì ọ̀tọ̀ fún un, ẹ má fi orin kankan sí i. Ẹ dà á kọ sí ibi méjì mìíràn, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ má ṣe wà nínú ilé yín. Ẹ fi ìwé wé e, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ẹ bá sì ń lọ gba orin, káàdì òfìfo ni kí ẹ mú dání.

Ọkọ mi kò bá mi wí. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí sì le ju ìbáwí lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ó tú àpótí kan, ó yọ fóònù àtijọ́ kan jáde, ó fi iná sí i. Ó rántí pé òun ti fi díẹ̀ nínú ohùn náà ránṣẹ́ sí àbúrò òun obìnrin ní Ìlọrin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì já lójijì bí ẹni fi ọbẹ gé e, níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ baba ńlá kẹta. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni ọmọ mi fi dàgbà. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Bí ó bá ń wí i, ó ń lé adìẹ ní ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ ti lé e, ó sì ń dúró níbi tí ẹ̀rọ dúró sí.

Nígbà Àjíǹde ọdún 2024, a lọ kí ìyálé ìyá ọkọ mi, ẹni tí ó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó agbo ilé wa tí ó ṣì wà láàyè. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó sì wí gbogbo ohun tí ó mọ̀, pẹ̀lú adìẹ. Ìyá Àgbà dijú, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí ó fi dúró. Wọ́n wá mi orí.

Wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fo ibì kan. Láti ìgbà tí a ti jẹ́ ìyàwó ni ó ti ń fo ibẹ̀, mo bá a wí títí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó fò náà, ohùn wọn kò sì lọ sókè ju ti ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n kọjá baba ńlá kẹta, wọ́n ń lọ. Mo yára ti ọwọ́ bọ àpò, mo mú fóònù mi jáde, mo ń wá ibi tí n óò tẹ̀. Wọ́n dákẹ́.

"Ìyàwó, gbé ìyẹn sílẹ̀ ná. Jókòó, kí o máa wí i tẹ̀ lé mi."

Mo tún ìró mi ró, mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Ó ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jù mí lọ.